Lẹ́tà sí Àjíkẹ́ lórí orúkọ ọmọbìnrin tó ń bọ̀

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ìwọ àti ọkọ rẹ. A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. O ní ọmọbìnrin ni dókítà sọ, àti pé orúkọ tí kò wọ́pọ̀ lẹ fẹ́ sọ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù níbẹ̀. Kò burú. Ohun tí mò ń bẹ̀ yín sí ni pé kí ẹ wá a nínú ilé kí ẹ tó máa wá a lórí fóònù. Ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ, inú ilé náà sì ni àwọn orúkọ tó ṣọ̀wọ́n jù lọ wà. Àwọn èèyàn ló pa wọ́n tì.

Ẹ kọ́kọ́ fi àyè sílẹ̀ fún orúkọ àmútọ̀runwá, nítorí ọmọ ló ń mú un wá, ẹ̀yin kọ́ lẹ ń yàn án. Àwọn agbẹ̀bí ibẹ̀ lè má sọ nǹkan kan fún yín bí ẹ kò bá bi wọ́n, nítorí náà kí ọkọ rẹ bèèrè ní yàrá ìbímọ. Ṣé ó gbé ìwọ́ kọ́rùn? Ṣé ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ? Ṣé awọ fẹ́lẹ́ bo orí àti ojú rẹ̀? Ìka mélòó ló wà lọ́wọ́ kọ̀ọ̀kan? Ọmọbìnrin tó gbé ìwọ́ kọ́rùn, Àìná ni. Èyí tó fi ẹsẹ̀ wáyé ni Ìgè, èyí tí awọ bo orí rẹ̀ ni Tàlàbí, oníka mẹ́fà sì ni Olúgbódi. Bí ó bá mú Tàlàbí wá, orúkọ tó ṣọ̀wọ́n ti délé nìyẹn, ẹ má wá òmíràn mọ́.

Bí kò bá mú ìkankan wá, oríkì ni kí ẹ wò. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí gbà pé oríkì kì í wọ ìwé, pé ẹnu ìyá àgbà nìkan ló wà fún. Èmi kò rí ìdí rẹ̀. Àpínkẹ́, Àwẹ̀ró, Àyọ̀ká, Àṣàbí: wọ́n kúrú, wọ́n dùn ún pè, àwọn tó ń jẹ́ wọn nínú ìwé kò sì pọ̀. Àpínkẹ́ ni ọmọ tí gbogbo ilé jọ ń kẹ́, tí ẹnì kan kò dá a kẹ́. Àwẹ̀ró ni èyí tí a wẹ̀ tí a sì ró láṣọ. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sára: ìparí orúkọ nìkan kò tó láti fi mọ oríkì obìnrin. Èyí tó bá parí sí kẹ́, ti obìnrin ni. Ní ti àwọn yòókù, Àbẹ̀ní àti Àdùnní jẹ́ obìnrin, Àjàní àti Àkànní jẹ́ ọkùnrin. Àṣàbí jẹ́ obìnrin, Àkànbí jẹ́ ọkùnrin. Ẹni tó bá kàn ń ka àkójọ orúkọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì láì bi àgbà lè fi oríkì akọ pe ọmọbìnrin.

Bí orúkọ gígùn ló wù yín, ẹ wo ohun tí ilé ọkọ rẹ fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ wọn. Àyàn ni ti onílù, Ọdẹ ni ti ọlọ́dẹ, Fá ni ti onífá, Ọ̀jẹ̀ ni ti eléégún, Adé ni ti ilé ọba. O kọ ọ́ pé Ẹfúnróyè wù ọ́ nítorí Ìyálóde Tinúubú tó kú ní 1887. Orúkọ ńlá ni, inú mi sì dùn pé o ronú kàn án. Àmọ́ ilé àwọn tó ń bọ Òrìṣàńlá ni Ẹfun ti wá. Ẹ bi àwọn àna rẹ nísinsìnyí bóyá ó wà nínú orúkọ àwọn baba ńlá wọn, kí ẹnikẹ́ni má baà dìde takò ó níwájú pásítọ̀ lọ́jọ́ ìkómọ.

Ẹ yọ Yétúndé, Ìyábọ̀ àti Yéjídé kúrò. Èmi àti ìyá ọkọ rẹ ṣì wà láyé. Tòkunbọ̀ bá ọmọ tí a bí sókè òkun mu, ṣùgbọ́n ọkọ̀ àlòkù àti fìríìjì àlòkù ti gba orúkọ náà ní Nàìjíríà. Mi ò fẹ́ ẹ fún ọmọ-ọmọ mi.

Bí ẹ bá tilẹ̀ fẹ́ ṣẹ̀dá tiyín, kí ó jẹ́ gbólóhùn tó pé, bíi Ọláwùmí tàbí Ìbíyẹmí: nǹkan kan wà níbẹ̀, ó sì ṣe nǹkan kan fún ẹnì kan. Ohun tó ń ba orúkọ tuntun jẹ́ ni gígé orúkọ bàbá sí méjì kí a lẹ̀ ẹ́ mọ́ ààbọ̀ orúkọ ìyá. Bí Kúnlé àti Tóyìn bá sọ ọmọ wọn ní Kúntó, kí ló kún, kí ló sì tó?

Ìgékúrú orúkọ ṣe pàtàkì ju bí ẹ ti rò lọ, nítorí òun ni wọn yóò máa fi pè é lójoojúmọ́. Olúwatómisìn, Olúwatómilọ́lá, Olúwatómilayọ̀: Tómi ni gbogbo wọn ń dà nílé ìwé, orúkọ tí ẹ fi oṣù mẹ́sàn-án wá a sì di ti gbogbo ayé. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ yan ìgékúrú náà, kí ẹ sì máa fi pè é láti ọjọ́ kẹjọ. Ẹ tún kọ orúkọ náà láìsí àmì, kí ẹ fún aládùúgbò tí kì í ṣe Yorùbá kó kà á sókè. Ẹ ó gbọ́ ohun tí Fúnkẹ́ àti Títí máa ń dà lẹ́nu wọn, ẹ ó sì mọ̀ bóyá ọmọ lè fara da irú rẹ̀ láàárín ẹgbẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí gb tàbí ṣ pa orúkọ tì. Fọláṣadé Adú tí wọ́n bí ní Ìbàdàn ní 1959 kọrin títí òyìnbó fi mọ bí a ṣe ń pe Ṣadé. Wọ́n lè kọ́ ọ, bí a bá kọ́ wọn.

Ní ti ìwé, ìlà tí ẹ̀rọ ń kà nínú ìwé ìrìnnà kò gbà ju lẹ́tà A dé Z lọ fún orúkọ, àyè 39 péré ló sì wà níbẹ̀ fún gbogbo orúkọ. Orúkọ ìdílé yín gba 9, àlàfo 2 tẹ̀ lé e, ó ku 28. Àpínkẹ́ gba 6, Olúwatómisìn 12, Morẹ́nikẹ́jì 10, àlàfo méjì láàárín wọn: ó di 30, wọn yóò gé e. Orúkọ méjì ni kí ẹ fi sínú ìwé.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, gbogbo àgbà tó bá sọ owó sínú àwo omi ni yóò dá orúkọ. Kí ẹnì kan jókòó ti ìwé, kó kọ orúkọ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú àmì, kó kọ ẹni tó sọ ọ́ àti ìdí tó fi sọ ọ́. Ẹ má kánjú lọ sí ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ kí ìyẹn tó parí: òfin Ẹ́ńgíláǹdì fún yín ní ọjọ́ 42, àyè sì tún wà láti yí orúkọ ọmọ padà láàárín oṣù 12 lẹ́yìn ìforúkọsílẹ̀.

Fi orúkọ mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi kí oyún tó pé oṣù mẹ́jọ. Fi àmì sí wọn lórí, kí o sì pè wọ́n sínú fóònù kí n gbọ́. Màá gbé wọn lọ bá àwọn àgbà ilé wa, kí ọkọ rẹ bá tiwọn sọ̀rọ̀. Bí ẹ bá bi mí, Àpínkẹ́ ni mo fọwọ́ sí.

Èmi ni,
Ìyá rẹ