Ìrẹsì Oníkòkòrò, Ìjà Ẹgbẹ́ Òṣèlú àti Ìṣirò Tí Wọ́n Jẹ Wá Lásìkò Kòrónà

Sí Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láàyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n dá sí àríyànjiyàn tí kò tíì tán nílẹ̀ láti ọdún 2020, ìyẹn ọ̀rọ̀ ẹni tí ó jẹ̀bi nínú bí wọ́n ṣe bójú tó àrùn kòrónà lọ́dọ̀ wa. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ APC bá bẹ̀rẹ̀, wọn á ní gómìnà Ọ̀yọ́ ló fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú àrùn náà. Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ PDP bá fèsì, wọn á ní ìjọba àpapọ̀ ló sé aráàlú mọ́lé láìfún wọn lóúnjẹ. N kò wá gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni pé ariwo ta-ló-jẹ̀bi yìí ni àwọn tí ó wà nípò lápá méjèèjì fi bojú, tí wọn kò fi ṣírò ẹrù àti owó tí ó gba ọwọ́ wọn kọjá fún wa.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ ìrẹsì ìgbà náà. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ dá 1,800 àpò ìrẹsì tí ìjọba àpapọ̀ fi ṣe ìrànwọ́ kòrónà padà fún àwọn aṣọ́bodè (Customs) tí wọ́n kó o wá, wọ́n ní kòkòrò ti kún inú rẹ̀, kò ṣe é fún ènìyàn jẹ. Àwọn aṣọ́bodè ní ohun tí ó dára ni àwọn kó sílẹ̀. Níbi tí ó yẹ kí wọ́n ti pe àwọn onímọ̀ oúnjẹ, kí wọ́n tú àpò náà níṣojú gbogbo ènìyàn, kí a sì mọ iye oṣù tí ìrẹsì náà ti lò nínú ilé ìkẹ́rùsí kí wọ́n tó kó o jáde, ọ̀rọ̀ di ti ẹgbẹ́ òṣèlú lójú ẹsẹ̀. Ẹni tí ó dìbò fún Gómìnà Ṣèyí Mákindé gbà pé Àbújá fẹ́ fi májèlé bọ́ wa. Ẹni tí kò dìbò fún un gbà pé òṣèlú ni ó ń fi ìrẹsì ṣe. Nínú gbogbo àwọn tí mo gbọ́ tí wọ́n ń jà lórí rẹ̀ nígbà náà, n kò rí ẹyọ ẹnì kan tí ó fojú ara rẹ̀ rí àpò kan.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ìpéjọ. APC kò jẹ́ kí a gbàgbé ìpéjọ ńlá tí PDP ṣe n'Ìbàdàn ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, nígbà tí àrùn ti wọ̀lú. PDP náà kò jẹ́ kí a gbàgbé bí èrò ṣe kún ibi ìsìnkú Abba Kyari, olórí òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì Ààrẹ Buhari, ní Àbújá ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹrin, nígbà tí òfin kónílé-ó-gbélé ṣì de àwọn ará Àbújá, Èkó àti Ògùn mọ́lé. Òtítọ́ ni ẹ̀sùn méjèèjì. Ṣùgbọ́n ẹ kíyè sí i pé kò sí ẹgbẹ́ tí ó fi ẹ̀sùn tirẹ̀ béèrè ju pé kí ẹnìkejì panu mọ́. Kódà òkú kò bọ́ lọ́wọ́ wọn: nígbà tí Abíọ́lá Ajímọ̀bi kú ní oṣù Kẹfà, ibi tí wọn yóò sin gómìnà àná náà sí di àríyànjiyàn láàrin àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ìjọba tí ó wà lórí àlééfà.

Ìjọba àpapọ̀ ní àwọn ná 523 mílíọ̀nù náírà lórí oúnjẹ àwọn ọmọ iléèwé ní Èkó, Ògùn àti Àbújá nígbà tí iléèwé wà ní títì. Kàkà kí a béèrè àdúgbò tí oúnjẹ náà dé, ẹ̀fẹ̀ ni a fi ń ṣe lórí Facebook.

Oṣù Kẹwàá ni gbogbo rẹ̀ wá tú síta. Ní ọjọ́ 22, lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí àwọn ológun yìnbọn níbi ìwọ́de EndSARS ní Lekki, àwọn èrò já ilé ìkẹ́rùsí kan ní Mazamaza l'Ékòó, wọ́n sì bá oúnjẹ tí àwọn oníléeṣẹ́ ńláńlá tí wọ́n kóra jọ sábẹ́ CACOVID rà fún aráàlú níbẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, ó kan Ẹdẹ àti Ìlọrin. APC ló ń ṣàkóso àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́ta wọ̀nyí nígbà náà, ṣùgbọ́n Calabar àti Yola, níbi tí PDP ti ń ṣèjọba, kò gbẹ́yìn. Ẹgbẹ́ àwọn gómìnà ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ṣì ń gba ẹrù náà lọ́wọ́ ni, pé àwọn mìíràn sì fi díẹ̀ pamọ́ de ìgbà tí àrùn lè padà wá. Àlàyé yìí lè jẹ́ òtítọ́, n kò sì gbè sẹ́yìn ẹni tí ó fọ́ ilé ẹrù. Àmọ́ bí wọ́n bá ti lẹ ìwé mọ́ ara ògiri ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan láti ọjọ́ tí ẹrù ti dé, pé iye tí a gbà nìyí, iye tí a pín nìyí, èyí tí ó kù nìyí, ta ni ì bá ní ejò lọ́wọ́ nínú?

Ohun tí ó jẹyọ nínú rẹ̀ ni pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò gba àrùn náà gan-an gbọ́ mọ́. Kọmíṣánnà ètò ìlera ìpínlẹ̀ Òndó, Dókítà Wahab Adégbẹ́nró, kú ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2020, síbẹ̀ wọ́n ní irọ́ olóṣèlú ni. Nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára AstraZeneca, tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin, dé ní oṣù Kẹta ọdún 2021, Buhari àti Òṣínbàjò gbà á níwájú kámẹ́rà, ṣùgbọ́n ohun tí mò ń gbọ́ ládùúgbò mi ni pé ìjọba tí ó lè ti ìlẹ̀kùn mọ́ oúnjẹ nígbà ebi kò lè fún ni ní abẹ́rẹ́ ọ̀fẹ́ lásán. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, wọ́n ba abẹ́rẹ́ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan jẹ́ ní Àbújá nítorí pé ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀. (Kì í ṣe àìgbàgbọ́ wa nìkan ló fà á, ọjọ́ tí ó kù lára ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò tó nǹkan nígbà tí wọ́n fi ta wá lọ́rẹ.)

Ìdí nìyí tí mo fi kọ̀wé sí yín. Láti ọdún 2011 ni òfin ti fún aráàlú lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè àkọsílẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba. Mo rọ iléeṣẹ́ yín pé kí ẹ fi òfin náà kọ̀wé sí ìpínlẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilẹ̀ Yorùbá àti Kwara, kí ẹ béèrè ẹrù tí wọ́n gbà lọ́dún 2020, ẹni tí ó fún wọn, àti wọ́ọ̀dù tí wọ́n pín in dé. Kí ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn aṣọ́bodè náà ibi tí 1,800 àpò yẹn forí lé lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ dá a padà. Kí ẹ tẹ èsì ìpínlẹ̀ APC àti ti PDP sójú ewé kan náà, kí ẹ sì kọ orúkọ èyí tí kò bá fèsì síbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.