Mi ò da kẹ́mísìtírì nù o, yẹtí ni mo fi ń ṣe

Olóòtú mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láyè díẹ̀ kí n dá bàbá tó kọ lẹ́tà sí yín lọ́sẹ̀ tó kọjá lóhùn, àwọn tó ní ọmọ tí òbí ta ilẹ̀ rán lọ sí yunifásítì lọ ka sáyẹ́ǹsì, tó wá jókòó tó ń sín ìlẹ̀kẹ̀, pé ọ̀lẹ ni, àti pé yẹtí tí ìyàwó wọn rà lọ́wọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ mú etí màmá wú. Inú bọ́ọ̀sì ni mo ti kà á, láti Kubwa lọ sí Wuse, ẹ̀rín pa mí débi pé ẹni tó jókòó tì mí ní kí ló dé, mo ní èmi ni wọ́n ń bú nínú ìwé ìròyìn yìí.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni mí, àmọ́ Jos ni wọ́n bí mi sí, Zaria ni mo ti ka kẹ́mísìtírì, mo wá ṣiṣẹ́ ọdún mẹ́sàn-án ní láàbù kan níbí l'Ábújá, omi la máa ń yẹ̀ wò. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀, wọ́n ṣì jẹ mí lówó.

Ẹ̀rọ kan wà ńbẹ̀ tá a fi ń wo irú irin tó bá wà nínú omi, yálà lẹ́ẹ̀dì, ìyẹn òjé, ni o, yálà kọ́pà, ìyẹn bàbà, ni o. Irin kọ̀ọ̀kan ló ní bọ́ọ̀bù tiẹ̀, tẹ́ ẹ bá fẹ́ wo lẹ́ẹ̀dì, bọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀dì lẹ máa tàn, ti kọ́pà ò lè bá yín ṣe é. Bọ́ọ̀bù lẹ́ẹ̀dì wa wá kú. A kọ̀wé, wọ́n ní àwọn ti gbọ́. A tún kọ ọ́, wọ́n ní kò sí nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì. Oṣù mẹ́rìnlá gbáko, olóòtú mi, omi ń wọlé lójoojúmọ́, à ń wo àwọ̀ rẹ̀, à ń kọ pH, ìyẹn bó ṣe kan tó, sílẹ̀, tá a bá dé ibi tó yẹ ká kọ lẹ́ẹ̀dì sí, a ó fa dáàṣì, a ó sáìnì. Bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ Haúsá níbí náà ni, ní Zamfara, lọ́dún 2010, lẹ́ẹ̀dì tó wà nínú òkúta tí wọ́n ń lọ̀ kí wọ́n lè rí góòlù yọ pa ọmọdé tó lé ní 400. Gbogbo ìgbà tí mo bá fa dáàṣì yẹn ni mo máa ń rántí.

Ibi tí ọwọ́ mi ti dilẹ̀ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn rewáyà wá ṣiṣẹ́ ní ofíìsì, wọ́n gé wáyà dànù, mo ṣà á, mo bó o, mo fi púláyà lọ́ ọ, mo so ìlẹ̀kẹ̀ kan mọ́ ọn, akọ̀wé wa wọ̀ ọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tó máa fi dé lọ́jọ́ Mọ́ńdè ó ti bá mi rí oníbàárà mẹ́rin. Kì í ṣe ọjọ́ yẹn ni mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ o, ọdún méjì ni mo fi ń ṣe méjèèjì pọ̀ títí mo fi kó owó ilé ọdún kan jọ, torí lándílọ́ọ̀dù Kubwa ò gba yẹtí.

Ẹ wá wo ọ̀lẹ tí bàbá ń wí. Fàdákà tí wọ́n ń pè ní 925, ìdá 92.5 nínú 100 rẹ̀ ni fàdákà, kọ́pà ló sábà máa ń jẹ́ ìyókù, torí fàdákà lásán ti rọ̀ jù, òrùka rẹ̀ á kàn máa tẹ̀ ni. Èmi tí mo gba dìgírì, mo mọ̀ ọ́n lórí pé ó di 961°C kí fàdákà tó yọ́, mo wá tan gáàsì, mo dojú iná kọ òrùka tí mo fi ọjọ́ méjì ṣe kí n lè jó ẹnu rẹ̀ pọ̀, ọkàn mi balẹ̀. Kí n tó ṣẹ́jú, ó rọ̀, ó wó, ó di róbótó bíi hóró ẹ̀wà, ó ń yí kiri lórí bíríkì. Mo gbàgbé pé tí kọ́pà bá ti wà nínú ẹ̀ kì í dé 900 tó fi máa yọ́ tán, ohun tí wọ́n kọ́ mi ní kíláàsì! Àti pé iná ò ní tẹmómítà lára. Bàbá alágbẹ̀dẹ kan, Haúsá, ní Suleja, ni wọ́n wá kọ́ mi. Wọn ò mọ nǹkan tó ń jẹ́ 961. Wọ́n ní kí n ti fèrèsé, kí n pa iná yàrá, kí n máa wo àwọ̀, tó bá ti pọ́n bí ẹ̀yinná tó fẹ́ kú kí n fura, tó bá ti ń dán bíi dígí, ó ti bọ́ nìyẹn. "A hankali, 'yata, a hankali," ìyẹn "pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ọmọ mi," bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń wí, torí ọwọ́ mi máa ń kánjú.

Mo ti dé Bídá náà, ní Masaga, lọ́dọ̀ àwọn Núpé tó ń fi gíláàsì ṣe ìlẹ̀kẹ̀ àti ẹ̀gbà ọwọ́. Ìgò bíà ni wọ́n ń yọ́. Ẹnì kan ń fẹ́ ẹwìrì, òógùn bò ó, ẹnì kejì fi ọ̀pá irin wọ́ gíláàsì tó ti rọ̀ bí oyin, ó ń yí i, ó ń yí i, ìlẹ̀kẹ̀ dé. Tiwa náà ńkọ́? Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, ó ti tó bí 900 ọdún tí wọ́n ti ń ṣe ìlẹ̀kẹ̀ gíláàsì níbẹ̀, àwọn onímọ̀ fi ẹ̀rọ yẹ ẹ́ wò, wọ́n rí i pé calcium àti aluminium tó wà nínú ẹ̀ pọ̀ ju ti gíláàsì tó ń ti òkè òkun wá lọ, pé àwọn ará Ifẹ̀ fúnra wọn ló yọ́ ọ. Ṣé àwọn yẹn náà fi ìwé wọn ṣòfò ni?

Mi ò ní purọ́ fún yín, owó ò tíì pọ̀. Ẹlòmíì á gbé yẹtí tí mo fi ọjọ́ kan ààbọ̀ ṣe sókè, á ní ṣebí ti China ₦1,500 ni ní Wuse, á sì gbé e sílẹ̀ bí ẹni pé ó gbóná. Ìyẹn ò dùn mí tó ti Màámi ní Jos. Ẹ bi wọ́n pé iṣẹ́ kí lọmọ yín ń ṣe, wọ́n á ní "ó wà ní láàbù l'Ábújá." Ó ti pé ọdún mẹ́rin tí mo ti kúrò ní láàbù, ẹ̀gbà ọrùn tí mo ṣe fún wọn sì wà lọ́rùn wọn níbi tí wọ́n ti ń sọ ọ́ o.

Ọ̀rọ̀ etí màmá ló kù, torí òótọ́ ni bàbá sọ níbẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irin kan tó ń jẹ́ nickel ni, wọ́n máa ń lú u mọ́ irin yẹtí olówó pọ́ọ́kú, ara ẹlòmíì ò sì gbà á rárá, etí á máa yún un, á wú, á máa ṣomi. Kí wọ́n yọ ọ́ kíá, tó bá ń ṣọyún kí wọ́n lọ rí dókítà. Tí yẹtí náà bá ṣì wu màmá, kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, màá yọ ìkọ́ rẹ̀, màá fi ti fàdákà sí i, owó ìkọ́ nìkan ni màá gbà.

Èmi ni tiyín,
Oníyẹtí, Kubwa, Àbújá