Lẹ́tà sí Ìyá Ìbejì

Ìyá Ìbejì mi,

Òtútù Kánádà ńkọ́? Ní Kubwa níbí, ooru ò jẹ́ ká sùn, iná ti lọ látàná, inú ṣọ́ọ̀bù ni mo ti ń kọ èyí kí àwọn oníbàárà tó dé.

Dámi ọmọ ẹ ló kó mi sí wàhálà jàre. JSS1 ló wà báyìí, ó gbé asaínmẹ́ǹtì wálé, wọ́n ya onígun mẹ́rin mẹ́fà mẹ́fà tó lẹ̀ mọ́ra wọn, wọ́n ní èwo ló máa di àpótí tá a bá ká a pọ̀. Mo ní gbé e wá, ṣebí télọ̀ ni mí, aṣọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ ni mo fi ń bo ara èèyàn. Mo wò ó títí, orí mi dúró. Mo ní èyí tó dà bí àgbélébùú nìkan ni. Irọ́ ni, ọ̀nà 11 ló wà! A gé páálí bísíkíìtì, à ń ká a, à ń tú u. Ọ̀kan wà, mẹ́ta lókè mẹ́ta nísàlẹ̀, tí ti ìsàlẹ̀ sún síwájú bí àtẹ̀gùn tó fi jẹ́ ẹyọ kan péré ló kan ti òkè, mo búra pé èyí ò lè dì láé, àfi gbà tó dì mọ́ mi lọ́wọ́.

O rántí bùláòsì léèsì tí mo gé apá ọ̀tún méjì fún nígbà tá a wà lẹ́nu iṣẹ́, tí ọ̀gá ní kí n ra léèsì náà padà? Nǹkan kan náà ni. Bó o yí apá ọ̀tún po lórí tábìlì títí di ọ̀la, kò ní di tòsì, àfi kó o dojú ẹ̀ délẹ̀. Fìlà Hausa tí mò ń rán níbí náà, tó o bá tú u, aṣọ gbọọrọ kan ni àti òbìrìkìtì kan. Orí íńṣì 22, òkè fìlà á jẹ́ íńṣì 7 láti etí dé etí, yàtọ̀ sí ibi tá a máa rán. Àṣé 22/7 tí wọ́n torí ẹ̀ nà wá ni mo ń rán látọjọ́ yìí!

Àná la gbé e dé orí iṣu. A gé e kó dọ́gba bíi dáìsì. Mú igun kan àti èyí tó jìnnà sí i jù lódìkejì, etí mẹ́fà (ibi tí ojú méjì ti pàdé) wà tí ò kan ìkankan nínú méjèèjì, sàmì sáàárín ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o fi ọ̀bẹ la gbogbo àmì náà kọjá. Mo ti ní onígun mẹ́rin ni ojú ibẹ̀ máa jẹ́. Igun mẹ́fà ló ní, gbogbo ẹ̀gbẹ́ dọ́gba rẹ́gí! Mo kàn ń wò ó ni.

Ní báyìí, tí mo bá dùbúlẹ̀ lóru, màá dijú, màá gbé iṣu yẹn sọ́kàn, màá yí i kí igun kan kọjú sí mi. Ẹ̀yìn ẹ̀ ló máa ń sọnù. Etí 12 ló ní, 9 lèèyàn ń rí látibẹ̀, 3 tó kù ló ń dà mí láàmú. Lálẹ́ àná mo rí méjì mú kí oorun tó gbé mi lọ.

Jẹ́ kí àwọn ìbejì gbìyànjú ẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n kọ́kọ́ sọ iye igun kí ọ̀bẹ tó wọlé o. Mo mọ̀ pé iṣu wọ́n lọ́hùn-ún, ẹ fi ọ̀dùnkún ṣe é. Tiwa ti di àsáró.

Èmi ni,
Ìyá Dámi