Èmi náà gbọ́ orin Ẹ̀fẹ̀ lọ́dún yìí

Sí Olóòtú,

Láti oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn tí mo ti pa ọtí líle sódábì tì níhìn-ín ní Kétu, àwọn ohun kékeré tí mo rò pé wọn kò ládùn mọ́ ti ń dùn mọ́ mi nínú. Ìbẹ̀rẹ̀ kò rọgbọ: ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé omi inú ife ń dà sí mi láyà, dókítà sì kìlọ̀ pé ẹni tí ọtí ti wọ̀ lára kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì láìsí ìtọ́jú, nítorí gìrì lè gbé e.

Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré ìbòjú wa tí àjọ UNESCO kéde fún gbogbo ayé gẹ́gẹ́ bí ogún àṣà lọ́dún 2001, ọdọọdún ni mo ń lọ wò ó, síbẹ̀ n kò mọ orin kan ṣoṣo, torí oorun ọtí ni mo máa ń sùn níbẹ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, mo jókòó títí ilẹ̀ fi mọ́, mo gbọ́ bí Ẹ̀fẹ̀, olórin òru Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ṣe fi orin bú àwọn ọ̀mùtí (ó bá mi wí o!), mo sì rẹ́rìn-ín délé. Mo ra àkàrà tí epo ṣì ń hó lára rẹ̀, ìyàwó mi bu ẹ̀kọ gbígbóná, mo sì kọ orin náà fún un. Ó ní ohùn mi kò dára.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín kan, Kétu.