Ọpẹ́ Wa Lẹ́yìn Fídáù Ọmọ Wa, Awakọ̀ Bàálù Eré Ìje

Ẹ̀yin ẹbí, ẹ̀yin ọ̀rẹ́, ẹ̀yin aládùúgbò, ẹ kú àdúrótì. Ọ̀fọ̀ ló ṣẹ̀ wá, ẹ ò sì jẹ́ ká dá ṣe é. Ìyá wa ló ní kí n bá àwọn dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo ẹni tó wá sí àdúrà fídáù àbúrò mi nílé wa ní Àjíkóbi, àti ẹni tó ránṣẹ́, àti ẹni tó pè. Wọ́n ní kí n má gbàgbé àwọn tó kàn wá jókòó ti àwọn lórí ẹní láìsọ̀rọ̀.

Ẹ mọ̀ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n sin ín sí. Àwọn Mùsùlùmí ìlú tó ń gbé ló wẹ̀ ẹ́, àwọn ló kírun sí i lára, wọn ò fi falẹ̀. Ìyá wa ò fojú kan sàréè ọmọ wọn. Ìdí nìyẹn tí ọjọ́ fídáù yẹn fi tóbi lọ́kàn wa tó bẹ́ẹ̀. Ibẹ̀ la ti bá a dágbére. A ò dá aṣọ, a ò pe onílù, síbẹ̀ èrò kún títí dé ojú títì.

Ẹ̀yin àfáà wa, àti ẹ̀yin ọmọ kéwú tẹ́ ẹ ti ń ka Yásíìnì láti ìdájí, Ọlọ́run á gbà á. Ẹ̀yin ìyá Àsáláátù, ohùn yín ni ìyá wa gbọ́ tí wọ́n fi lè jẹun lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá láti Ọ̀fà, Àjàṣẹ́-Ìpo àti Òmù-Àrán, ẹsẹ̀ yín ò ní rìn lọ sílé ọ̀fọ̀ mọ́. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tẹ́ ẹ ro àmàlà, tẹ́ ẹ dín wàrà, ẹ ṣeun. Aládùúgbò wa tó ni kánópì kọ̀ jálẹ̀, kò gba kọ́bọ̀. Nígbà tí òjò dé, ilé tirẹ̀ náà ló tún ṣí sílẹ̀ fún àlejò. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ́ṣẹ́ awakọ̀ bàálù níbí ní Ìlọrin náà wá, wọ́n wọ ẹ̀wù funfun wọn, wọ́n dúró lẹ́yìn pátápátá bíi pé wọn ò fẹ́ gba àyè ẹnikẹ́ni. Ọdọọdún tí àbúrò mi bá wálé ló máa ń lọ bá wọn sọ̀rọ̀. A rí yín o.

Ọ̀pọ̀ yín béèrè lọ́wọ́ wa, tìfẹ́tìfẹ́, pé kí ló wá gbé e dédìí fífi bàálù sáré. A ò bínú sí ìbéèrè yẹn. Èmi náà ti bi í rí. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa rò pé àbúrò mi fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ṣeré, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo mọ̀.

Ọmọ Ìlọrin ni. Àwa tí wọ́n ń kì pé a ò léégún, ẹṣin leégún ilé baba wa, a mọ ohun tí eré ìje ń ṣe nínú ọmọ ènìyàn. Èjìká bàbá wa ló máa ń wà tí a bá lọ wo àwọn ẹlẹ́ṣin níwájú ààfin Ẹ́míà lásìkò Iléyá. Lọ́jọ́ tí bàbá wa wá mú un lọ wo bí àwọn alálàájì ṣe ń wọ bàálù ní pápá ọkọ̀ òfurufú wa, ó dákẹ́ títí a fi délé. Iṣẹ́ mẹkáníìkì bàálù ló kọ́kọ́ kọ́ kó tó di awakọ̀.

Irú èyí tó ń sá, Formula One ni wọ́n ń pè é, kì í ṣe ti mọ́tò o. Bàálù kékeré ni, ẹnì kan ló ń gbà, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ kò ju agbára ẹṣin 100 lọ, síbẹ̀ ó ń sáré tó kìlómítà 400 láàárín wákàtí kan. Orí ilẹ̀ ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Bàálù tó tó mẹ́jọ á tò, wọ́n á ju àsíá, gbogbo wọn á gbéra lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á wá máa yí àwọn òpó gíga ká lófurufú, nítòsí ilẹ̀. Ẹni tó bá gba apá inú òpó kọjá dípò kó yí i ká láti ìta, adájọ́ tó wà nídìí òpó á kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n á sì bù kún àkókò rẹ̀. Reno ní ìpínlẹ̀ Nevada ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó lókìkí jù láti 1964 títí di 2023, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Roswell ní New Mexico ní 2025. Wọn kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì gba ẹ̀kọ́ rẹ̀ sún mọ́ ọn. Ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ fún wọn jù ni èyí tí wọ́n á ṣe bí ẹ́ńjìnnì bá kú: awakọ̀ á fa imú bàálù sókè lójú ẹsẹ̀, kí eré tó ń sá di gíga fún un, kó lè ráàyè wo ibi tí yóò balẹ̀ sí.

Ní ọjọ́ 16, oṣù Kẹsàn-án, 2011, bàálù ogun àtijọ́ kan já lu àwọn òǹwòran ní Reno. Awakọ̀ rẹ̀ kú, èèyàn 10 tó wà nílẹ̀ náà kú. Ìwádìí fi hàn pé àwọn nọ́ọ̀tì tí wọ́n ti lò tẹ́lẹ̀, tí kò yẹ kí wọ́n tún lò mọ́, ló dẹ̀ nírù bàálù náà, tí ibẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Àbúrò mi ka ìwé ìwádìí yẹn tán, kò sì jẹ́ kó kúrò lọ́kàn òun mọ́. Ìgbà tó wálé kẹ́yìn, ó ń tún jẹnẹrétọ̀ ìyá wa ṣe lálẹ́. Ọmọ mi mú nọ́ọ̀tì tó já bọ́ níbẹ̀ fún un. Ó tan iná fóònù sí i, ó fi èékánná tọ ojú rẹ̀, ó jù ú sápò, ó ní kí ọmọ lọ ra tuntun ní Tàíwò bí ilẹ̀ bá ti mọ́. Inú òkùnkùn la sùn mọ́jú. Ẹni tó ń ṣe báyìí sí jẹnẹrétọ̀, ẹ wo ohun tí yóò máa ṣe sí bàálù tí òun fúnra rẹ̀ ń wọ̀.

Ó wà ní Reno ní oṣù Kẹsàn-án 2023, nígbà tí bàálù méjì kọlu ara wọn bí wọ́n ṣe ń bọ̀ wá balẹ̀ lẹ́yìn ìje, tí awakọ̀ méjèèjì kú. Ó pe ìyá wa lọ́jọ́ náà. Wọ́n sunkún, wọ́n bẹ̀ ẹ́ kó fi eré yìí sílẹ̀. Ó ní òun á túbọ̀ máa ṣọ́ra, ṣùgbọ́n òun ò ní parọ́ fún wọn pé òun á fi í sílẹ̀. Ó dùn wọ́n, ó ṣì ń dùn wọ́n. Síbẹ̀ àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́ síbí pé ọmọ àwọn ò tan àwọn jẹ rí.

Ìdánrawò ló wà lọ́jọ́ tí ọlọ́jọ́ dé. NTSB, àjọ tó ń wádìí ìjàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, ló ń wo ohun tó fà á, irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì máa ń tó ọdún kan sí méjì kó tó parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má bá wa gbé fídíò kankan kiri pé òun nìyẹn. Ẹ má sì bá wa sọ pé ayé ló ṣe é. Ìyá wa ń gbọ́ o.

Àwọn tó bá a sá eré yìí fi bàálù mẹ́rin fò fún un. Bí wọ́n ṣe ń kọjá, ọ̀kan yà kúrò láàárín wọn, ó kọrí sókè lọ, àwọn yòókù ò sì dí àyè rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń yẹ́ awakọ̀ tó kú sí nìyẹn lọ́dọ̀ wọn. A fi fídíò rẹ̀ han ìyá wa. Wọ́n ní ká tún un fi hàn, lẹ́yìn náà wọ́n ṣàdúrà fún àwọn òyìnbó yẹn bí ẹni ń ṣàdúrà fún ọmọ bíbí inú wọn.

Owó tí ẹ dá fún wa, ìyá wa ti kó o fún ilé kéwú tí àbúrò mi ti kàwé, wọ́n fẹ́ fi tún òrùlé ibẹ̀ ṣe. Kúlà mẹ́ta àti agbada ńlá kan ṣì wà lọ́dọ̀ wa, ẹni tó ni wọ́n kó dákun yà wá mú wọn, tàbí kó pè ká gbé e wá bá a. Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi irú rẹ̀ san án fún yín.

Èmi, àkọ́bí ilé, lórúkọ ìyá wa àti gbogbo ẹbí.