Ẹ̀sùn lórí ìdánwò radon tí ẹ ṣèlérí tí ẹ kò ṣe

Sí Ọ̀gá Àgbà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Yorùbá ni mo fi kọ ọ́, torí Yorùbá lẹ fi polówó fún wa nígbà tí ẹ wá sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mi ò ní máa ṣàlàyé ilé mi. Gbogbo rẹ̀ wà lọ́wọ́ yín: ọjọ́ tí ẹ wá, iye tí mo san, orúkọ ọmọkùnrin tó gbẹ́ ihò sílẹ̀ básímẹ́ǹtì.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ fáànù tí ẹ fi sílé mi, kó máa fa radon, afẹ́fẹ́ olóró inú ilẹ̀, jáde, nìkan ló ń dùn mí. Ọmọkùnrin yẹn fẹnu ara rẹ̀ sọ pé kí oṣù kan tó pé, ẹnì kan máa wá tún ìdánwò ṣe láìgba kọ́bọ̀. Mo retí títí. Mo pè, ẹ ní kí n bá àwọn tó ń fún èèyàn lọ́jọ́ sọ̀rọ̀. Àwọn yẹn ní ọ̀dọ̀ akápò ni. Akápò ní kí n fi ímeèlì ránṣẹ́. Ímeèlì dá mi lóhùn pé ẹ dúpẹ́ pé mo yàn yín. Ó tọ́ sí yín.

Lọ́jọ́ tí mo wá rí èèyàn bá sọ̀rọ̀, ọmọbìnrin Yorùbá bíi tiwa ni. Mo ṣàlàyé fún un pé omi pupa inú rọ́bà tó wà lára páìpù dọ́gba lápá méjèèjì, bẹ́ẹ̀ òṣìṣẹ́ yín ló kọ́ mi pé tó bá ti dọ́gba, fáànù kò fa nǹkan kan. Ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. “Mọ́mì, ẹ̀yin àgbà ẹ ti ń bẹ̀rù jù. Ní Ìbàdàn, ta ló ń yẹ afẹ́fẹ́ ilé yín wò? Àbí ẹ ti ń gbóòórùn radon ni?”

Ẹ bá mi sọ fún un pé radon kì í rùn, kò sì láwọ̀. Uranium inú ilẹ̀ ló ti ń wá, tó ń gba ibi tí sìmẹ́ǹtì ti sán wọlé. EPA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àyíká, ní radon ló tẹ̀ lé sìgá nínú ohun tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fojú bù ú pé ó ń pa nǹkan bí 21,000 èèyàn lọ́dún. Inú ìwé tí ẹ há fún wa lẹ́yìn ìsìn ni mo ti kà á! Láti ọdún 2016 ni Montgomery County, ní Maryland níbí, ti ní ká yẹ radon wò ká tó ta irú ilé wa yìí. Ṣé ìbẹ̀rù àgbà ló ń ṣe ìjọba náà?

Nígbà tó sú mi, mo ra ohun ìdánwò fúnra mi, mo ti gbogbo fèrèsé pa bí wọ́n ṣe ní kí n ṣe, mo fi ránṣẹ́ sí láàbù. 6.8 pCi/L, ìyẹn ìwọ̀n tí wọ́n fi ń díwọ̀n radon inú afẹ́fẹ́, ló jáde. EPA ní tó bá ti tó 4, kí onílé wá nǹkan ṣe sí i. Ọmọ-ọmọ mi ló ń sùn ní básímẹ́ǹtì yẹn tẹ́lẹ̀. Pálọ̀ ló wà báyìí, à ń fò ó kọjá lọ sí kíṣìnnì.

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀ ni mo fún yín. Ẹ wá pààrọ̀ fáànù, kí ẹ sì ṣe ìdánwò tí ẹ ṣèlérí, àbí kí ẹ dá gbogbo owó mi padà. Ọmọbìnrin yẹn, mi ò ní kí ẹ lé e níṣẹ́. Kó pè mí, kó ní “Ẹ má bínú, mà.” Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, màá ní kí báńkì gba owó mi lọ́wọ́ yín, màá sì kó rìsíìtì lọ sí Office of Consumer Protection ti County, àwọn tó ń gbèjà oníbàárà.

Ẹ sì rántí ṣọ́ọ̀ṣì tí ẹ ti pín ìwé yẹn. Èmi ni mo ń ka ìkéde níbẹ̀.

Èmi ni,
Oníbàárà yín tí ẹ dúpẹ́ pé ó yàn yín.