Lẹ́tà sí Àkànní lórí àgbò tí wọ́n ní kó mú wá

Òmù-Àrán,
Ìpínlẹ̀ Kwara.

Àkànní, ọkọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé iná ti dé sí Tanke, àbí jẹnẹrétọ̀ onílé lẹ ṣì ń gbójú lé? Ara mi le. Bàbá rẹ ń kí ọ. Orúnkún nìkan ló ń dà á láàmú, bí òjò bá sì ti ṣú ni tirẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa.

Mo gbọ́ gbogbo ohun tí o sọ lórí fóònù. Mi ò dá ọ lóhùn tó nígbà yẹn nítorí inú bí mi, mo sì mọ̀ pé bí ìyá bá ń fi ìbínú sọ̀rọ̀, ariwo nìkan lọmọ máa ń gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ èyí. Kà á tán kí o tó pè mí.

O ní wòlíì tí ọ̀rẹ́ rẹ mú ọ lọ bá sọ pé òun rí ìdènà lójú ọ̀nà ìwé ẹ̀rí rẹ. Ó ní kí o wá àgbò funfun tí kò lábàwọ́n, pẹ̀lú àbẹ́là méje, kí ẹ jọ lọ sí odò, kí wọ́n da ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sí ọ lórí kí o tó wẹ̀. Ó sì ka Ẹ́kísódù orí kejìlá sí ọ létí, kó lè dá ọ lójú pé inú Bíbélì lọ̀rọ̀ ti wá. Èsì tèmi kò gùn. Má ra àgbò kankan. Má fún un lówó àgbò. Má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni da ẹ̀jẹ̀ sí ọ lórí. (Àgùntàn tó bá bá ajá rìn, o mọ ohun tí wọ́n ní yóò jẹ. Ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ nìyẹn, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.) Ṣùgbọ́n o ti kúrò lọ́mọ tí èèyàn ń sọ pé "má ṣe é" fún láìsọ ìdí, torí náà jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ẹ́kísódù kejìlá tó kà sí ọ, ìtàn Ìrékọjá, ṣé ó kà á dé ìsàlẹ̀? Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ CRK níléèwé, orí yẹn ni mo fẹ́ràn jù láti kọ́ àwọn ọmọ, nítorí ọ̀rọ̀ ilé ló kún inú rẹ̀. Ọjọ́ kẹwàá oṣù ni ilé kọ̀ọ̀kan máa mú ọ̀dọ́-àgùntàn, akọ ọlọ́dún kan, tí kò lábùkù, yálà láàrin àgùntàn tàbí láàrin ewúrẹ́. Wọn ò gbọdọ̀ pa á lọ́jọ́ náà. Ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá. Ẹran náà á ti bá wọn sùn, á ti bá wọn jí. Ìwọ náà mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ bí ẹran bá ti ń bá èèyàn gbélé. Ṣé o rántí àgbò tí Bàbá Alhaji so mọ́ ìdí máńgòrò ní Ìlọrin, nígbà tí o wà ní pírámárì? Ẹ̀yin ọmọdé lẹ ń kó èèpo iṣu fún un. Ó mọ ìró ẹsẹ̀ yín. Bó bá ti gbọ́ tí gẹ́ẹ́tì dún, á na ọrùn títí okùn á fi le, á wá máa fi imú tutù gbún yín lọ́wọ́. Láàárọ̀ Iléyá, ìwọ lo kọ́kọ́ sá wọ yàrá, o fi pílò bo orí. Lójú tèmi o, ìdí rèé tí Ọlọ́run fi ní kí wọ́n mú un wọlé ṣáájú. Kò fẹ́ kí wọ́n pa ohun tí wọn ò mọ̀. Ó fẹ́ kí ọmọ tó wà nínú ilé mọ̀ pé nǹkan kan kú kí òun tó wà láàyè.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á ri ewé hísópù bọ inú ẹ̀jẹ̀ tó wà nínú àwo, wọ́n á fi kan òpó ilẹ̀kùn méjèèjì àti àtẹ́rígbà. Wọ́n á fi iná sun ẹran náà, wọn ò gbọdọ̀ bọ̀ ọ́. Wọ́n á jẹ ẹ́ pẹ̀lú àkàrà aláìwú àti ewébẹ̀ kíkorò, pẹ̀lú àmùrè ní ìdí, bàtà ní ẹsẹ̀ àti ọ̀pá lọ́wọ́. Ilé tó bá kéré jù, kó pe aládùúgbò kí wọ́n jọ jẹ ẹ́. Wọn ò gbọdọ̀ fọ́ eegun rẹ̀ kankan. Wá wò ó dáadáa, Àkànní. Ara ilẹ̀kùn ni ẹ̀jẹ̀ náà wà, kò sí lórí ẹnikẹ́ni. Kò sí odò níbẹ̀. Kò sí àlùfáà tó jókòó síbì kan tó ń gba owó ẹran. Olórí ilé kọ̀ọ̀kan ló pa tirẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ náà kò wà fún kí ọ̀nà là tàbí kí ìwé ẹ̀rí jáde. Ikú ló ń kọjá lóru ọjọ́ yẹn, àwọn ẹrú sì ń jáde kúrò ní Íjíbítì. Wòlíì rẹ mú ẹran, ó mú ẹ̀jẹ̀, ó fi ìtàn sílẹ̀.

Ohun tó wà lọ́kàn mi gan-an nìyí: ta ló ń pèsè ẹran? Nínú ohun tí wọ́n ní kí o ṣe, ìwọ ni. Ìwọ lo máa lọ sí kara Àjàṣẹ́-Ìpo, ìwọ lo máa ná an, ìwọ lo máa fi dẹ ọkàn Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n nínú Jẹ́nẹ́sísì orí kejìlélógún, bí Ábúráhámù àti Ísáákì ṣe ń gun òkè lọ, ọmọ béèrè pé, iná rèé, igi rèé, ọ̀dọ́-àgùntàn dà? Bàbá ní Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ni yóò pèsè. Ó sì pèsè lóòótọ́: àgbò kan tí ìwo rẹ̀ há sínú igbó dídí. Ábúráhámù kò rà á, kò sìn ín. Ó gbójú sókè ni, ó rí i. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, Jòhánù Onítẹ̀bọmi rí Jésù tó ń bọ̀ ní ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Wò ó, Ọ̀dọ́-àgùntàn Ọlọ́run, ẹni tí ó kó ẹ̀ṣẹ̀ ayé lọ." Ẹran Ọlọ́run ni. Òun ló mú un wá láti ilé ara rẹ̀. Ẹni tó bá wá ní kí o tún lọ mú tìrẹ wá, ó ń yí ìgbàgbọ́ wa dorí kodò ni.

Wòlíì Àìsáyà ti ríran nípa Jésù ní orí kẹtàléláàádọ́ta: wọ́n mú un bí ọ̀dọ́-àgùntàn fún pípa, kò sì la ẹnu rẹ̀. Ẹni tó bá ti gbé níbi tí wọ́n ti ń pẹran yóò yé e. Ewúrẹ́ á ké, gbogbo àdúgbò á gbọ́, wàá rò pé èèyàn ni. Àgùntàn kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti dá a dùbúlẹ̀ báyìí, á kàn máa mí ni, ojú rẹ̀ á là sílẹ̀ kedere. Bẹ́ẹ̀ náà ni Olúwa ṣe níwájú Hẹ́rọ́dù. Ó bi í ní ìbéèrè lọ títí, kò fèsì kankan. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun sì dé ìdí àgbélébùú, wọ́n fọ́ ẹsẹ̀ àwọn méjì tí wọ́n kàn mọ́gi pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ tirẹ̀, wọ́n bá a pé ó ti kú, wọn ò fọ́ ọ. Jòhánù tó kọ ọ́ sílẹ̀ kò jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀: ó ní kí Ìwé Mímọ́ lè ṣẹ ni, pé a kì yóò fọ́ egungun rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe fún ẹran alẹ́ Íjíbítì nìyẹn. Pọ́ọ̀lù náà sọ ọ́ láìfi bò fún àwọn ará Kọ́ríńtì pé Kristi ni Ìrékọjá wa, a sì ti pa á fún wa.

A ti pa á. Nínú tẹ́ńpìlì, ọ̀dọ́-àgùntàn méjì ni wọ́n ń fi rúbọ lójoojúmọ́, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, láìka ti ọjọ́ ọdún mọ́ ọn. Wọ́n ń ṣe é lọ títí àwọn ará Róòmù fi wó tẹ́ńpìlì náà lọ́dún 70. Ìwé Hébérù bi wá léèrè ọ̀rọ̀ kan tí mo fẹ́ kí o bi wòlíì náà: bí ẹ̀jẹ̀ ẹran bá lè mú ẹ̀ṣẹ̀ kúrò, kí ló dé tí wọn ò ṣíwọ́? Ó ní kò ṣeé ṣe kí ẹ̀jẹ̀ akọ màlúù àti ti ewúrẹ́ kó ẹ̀ṣẹ̀ lọ, pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Jésù fi ara rẹ̀ rúbọ, ó sì jókòó. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì parí kì í jókòó. Ẹni tó ti san owó iléèwé, tí rìsíìtì wà lọ́wọ́ rẹ̀, tó tún wá lọ ń san án fún ẹni tó dúró lẹ́nu gẹ́ẹ́tì, ṣé owó ló pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ni àbí rìsíìtì ni kò gbà gbọ́?

Mi ò bú ìjọ aláṣọ funfun o. Ìyá mi tó bí mi wọ sùtánà dọjọ́ ikú, àdúrà rẹ̀ ló sì gbé mi dé ibi tí mo dé. Mo mọ ọ̀pọ̀ nínú wọn tí wọn ò ní ní kí ọmọ ọlọ́mọ ra nǹkan kan ju Bíbélì lọ.

O tún ní ọmọ Mùsùlùmí tí ẹ jọ ń gbé yàrá béèrè pé kí ló dé tí àwa kì í pa àgbò, nígbà tó jẹ́ pé Ábúráhámù kan náà ni gbogbo wa ń pè. Ìbéèrè rẹ̀ dára ju ìdáhùn tí o fún un lọ. Má bá a jiyàn lórí ọmọ tí wọ́n fẹ́ fi rúbọ, bóyá Ísáákì ni tàbí Ísímáílì. Iyàn yẹn ti dàgbà ju ẹ̀yin méjèèjì lọ. Sọ fún un pé a ní àgbò, pé ó ti kú, ó sì ti jí. Kí o sì mọ̀ pé Mùsùlùmí tó mọ ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà pé ẹ̀jẹ̀ àgbò Iléyá ló ń wẹ ẹ̀ṣẹ̀ òun. Bàbá Alhaji ló ka ibẹ̀ sí mi létí nínú Suratul-Hajj, inú Kùránì: ẹran rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ Ọlọ́run, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìbẹ̀rù Ọlọ́run tó wà lọ́kàn yín ló ń dé ibẹ̀. Ṣé o rí i? Mùsùlùmí tó pa àgbò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ kò débẹ̀. Kristẹni kan ní Tanke wá ń tà á.

Ní ti ẹran Iléyá, àwọn kan ní ìjọ wa ní kò yẹ ká jẹ ẹ́. Èmi ń jẹ ẹ́. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ni àwa àti ará ilé Alhaji, wọ́n sì ń jẹ ìrẹsì Kérésì wa. Bí ẹ̀rí ọkàn rẹ bá ń dà ọ́ láàmú, má jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n má yọ ṣùtì sí ẹni tó bu tirẹ̀ fún ọ.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí o rò dáadáa. Wòlíì náà ní bí kò bá jẹ́ àgbò funfun, kò ní ṣiṣẹ́. Kódà lábẹ́ òfin Mósè, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó ọ̀dọ́-àgùntàn lè mú àdàbà méjì wá tàbí ọmọ ẹyẹlé méjì. Bí ìyẹn náà kò bá sí, Léfítíkù orí karùn-ún gba ìyẹ̀fun lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀. Ìyẹ̀fun lásán! Nígbà tí Màríà sì lọ ṣe ìwẹ̀nùmọ́ lẹ́yìn tó bí Jésù, Lúùkù ní ẹbọ ẹyẹ ni wọ́n rú. Obìnrin tó gbé Ọ̀dọ́-àgùntàn Ọlọ́run lọ́wọ́ kò lówó ọ̀dọ́-àgùntàn. Mo máa ń rẹ́rìn-ín bí mo bá dé ibẹ̀, omi á sì wà lójú mi.

Agbára ni wòlíì náà fi fà ọ́, mo mọ̀. Ẹ̀rù ń bà ọ́, ẹni tó bá sì ń bẹ̀rù ń wá kìnnìún tí yóò sá sí ẹ̀yìn rẹ̀. Ka Ìfihàn orí karùn-ún. Jòhánù ń sunkún nítorí kò sẹ́ni tó lè ṣí ìwé náà. Àgbà kan ní kó má sunkún mọ́, pé Kìnnìún ẹ̀yà Júdà ti borí. Ó yíjú láti wo kìnnìún, Ọ̀dọ́-àgùntàn ló rí, tó dúró láàrin ìtẹ́ bí èyí tí a ti pa. Ojú ọgbẹ́ ṣì wà lára rẹ̀ níbi tí àwọn àgbà ti ń wólẹ̀ fún un. Agbára tí ìjọba ọ̀run fi ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, Àkànní. Kò jọ agbára tí wọ́n ń kéde nínú gbohùngbohùn.

Ó kù ti ìdènà. Ìwọ fúnra rẹ sọ fún mi pé máàkì kọ́ọ̀sì kan ni kò jáde, àti pé orúkọ rẹ wà nínú ìwé tí ẹ fọwọ́ sí lọ́jọ́ ìdánwò. Kọ lẹ́tà sí olórí ẹ̀ka yín, fi ẹ̀dà fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ rẹ sí i, jẹ́ kí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tìrẹ kí o tó kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí o padà wá lọ́la, padà lọ lọ́la. Bàbá rẹ àti èmi á máa gbàdúrà láago márùn-ún ìdájí; bá wa jí. Owó tí mo fi ránṣẹ́, owó ilé ni. San án fún onílé lónìí, kí o sì ya rìsíìtì rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo ti di gàrí àti ẹ̀gúsí fún ọ. Awakọ̀ á pè ọ́ bó bá ti dé gáréèjì. Tètè lọ gbà á, ẹ̀gúsí náà ti di lílọ̀.

Èmi ni ìyá rẹ.